Abúlé Li àti Miao ní Hainan: èwo ni abúlé, èwo ni ìran wíwò?

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Guangzhou báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Èmi àti ọkọ mi àti ìbejì wa, ọmọ ọdún mẹ́jọ, fẹ́ lọ lo ọlidé ní Sanya, ní erékùṣù Hainan. Ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa ṣètò ní àwọn yóò ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ láti mú wa lọ wo abúlé ìbílẹ̀ àwọn Li àti Miao. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti lọ ní ayédèrú ni gbogbo rẹ̀, pé òṣèré ni wọ́n, pé wọ́n tún máa ń kó àwọn ìyá arúgbó tó kọlà sójú síta kí àwọn èèyàn máa yà wọ́n ní fọ́tò bí ẹranko inú ọgbà. Ọkọ mi ní ká jókòó sí etíkun wa jẹ́ẹ́. Èmi sì fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé Ṣáínà kì í ṣe ẹ̀yà kan ṣoṣo. Ṣé ká lọ àbí ká má lọ? Abúlé gidi dà? Ṣé owó wa tiẹ̀ máa ń dé ọwọ́ àwọn onílẹ̀?"

Ìyá Ìbejì, mo kí yín, mo kí bàbá wọn, mo kí Táíwò àti Kẹ́hìndé. Bí mo ṣe ka ìwé yín, ìbéèrè méjì ni mo rí níbẹ̀ tó lọ́ mọ́ra wọn. Èkíní ni pé ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n fẹ́ fi hàn yín. Èkejì, tó jọ pé òun ló ń jẹ yín lọ́kàn jù, ni pé ṣé ẹ ò ní rí ọmọ ọlọ́mọ fín tí ẹ bá lọ dúró síwájú rẹ̀ tí ẹ ń wò ó. Ọ̀rẹ́ yín pa méjèèjì pọ̀: nítorí pé ayédèrú ni, ìwà tí kò dáa ni. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Mo ti dé ibi tí gbogbo nǹkan ti jẹ́ òótọ́ pọ́nbélé tí àwọn àlejò ń hùwà bí ẹni tí a ò kọ́ nílé. Mo sì ti dé ibi tí wọ́n fi owó kọ́ láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, tí ìyá tó jókòó síbẹ̀ ń hun aṣọ rẹ̀ tìyanga-tìyanga, tó ń gba owó oṣù rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ta aṣọ ní Guangzhou kí n tó padà sílé ní Ìsẹ́yìn. Aṣọ ló gbé mi dé Hainan, ìgbà márùn-ún ni mo sì lọ. Ojú aláṣọ ni mo fi wo ibẹ̀, kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Èdè Ṣáínà tí mo gbọ́ kò ju ti ọjà lọ, èdè Li kò sì yé mi rárá, nítorí náà ohun tí wọ́n ń sọ láàárín ara wọn nípa àwa àlejò, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n.

Àwọn Li ti wà ní Hainan kí àwọn Han, tí í ṣe ẹ̀yà tó pọ̀ jù ní Ṣáínà, tó dé ibẹ̀; àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé ó tó ọdún 3,000. Hlai ni wọ́n ń pe ara wọn, àwọn ará ìta ló sọ wọ́n ní Li. Ìkànìyàn ọdún 2020 kà wọ́n lé ní 1,600,000. Ẹ̀ka márùn-ún ni wọ́n pín sí: Ha, Qi, Run, Sai àti Meifu. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ní aṣọ tirẹ̀ àti ẹnu tirẹ̀, bíi ti Ọ̀yọ́ àti Oǹdó, ó tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èdè wọn bá ti àwọn ará Thailand tan, kò bá ti Ṣáínà tan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn ló ń yí ìtumọ̀ padà nínú gbogbo wọn bíi tiwa.

Ti Miao ló máa ń rú àwọn èèyàn lójú. Miao tó wà káàkiri Ṣáínà lé ní mílíọ̀nù mọ́kànlá, ṣùgbọ́n àwọn tó wà ní Hainan kò tó 100,000. Láti Guangxi, lórí ilẹ̀ Ṣáínà lódìkejì omi, ni àwọn baba wọn ti wá nígbà ìjọba àwọn ọba Ming (1368 sí 1644), ọ̀pọ̀ nínú wọn wá gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun tí ọba rán wá, wọ́n sì tẹ̀dó sórí òkè. Kim Mun ni èdè wọn, ẹbí èdè àwọn Yao, ẹ̀yà mìíràn ní Ṣáínà, sì ni, kì í ṣe ti àwọn Miao Guizhou, ìpínlẹ̀ kan ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Ṣáínà. Ìwé ìjọba ló kọ Miao sí wọn lórúkọ, ó sì ti mọ́ wọn lára. Kí ló kàn yín nínú èyí? Ó kàn yín nítorí fìlà fàdákà ńlá tó ní ìwo bíi ti màlúù, èyí tí ẹ máa ń rí nínú fọ́tò. Ti Guizhou ni, àwọn ibi bíi Xijiang, tí ilé rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan lórí òkè. Tí ẹ bá rí ọmọge tó dé irú fìlà bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà "abúlé Miao" kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sanya, aṣọ eré ló wọ̀. Aṣọ àwọn Miao ti Hainan ṣú, aró ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́, ìda oyin ni wọ́n sì fi ń ya ọnà sí i kó tó wọ inú aró. Ìyá aláró Abẹ́òkúta á mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀: iṣẹ́ tí ẹ̀kọ ń ṣe lára àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni ìda ń ṣe níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìdí tí "abúlé" fi wà lójú títì Sanya. Etíkun gúúsù ni Sanya wà, ibẹ̀ ni òtẹ́ẹ̀lì àti iyanrìn funfun wà. Àwọn Li àti Miao pọ̀ ní àárín erékùṣù, lórí òkè: Wuzhishan, Baoting, Qiongzhong, Baisha. Àlejò tó ní ọjọ́ mẹ́ta kì í fẹ́ gun òkè, torí náà àwọn oníṣòwò gbé òkè sọ̀ kalẹ̀ wá bá a. Òun ni bọ́ọ̀sì yín fẹ́ mú yín lọ. Bí owó ìrìn-àjò ọjọ́ kan bá kéré ju owó epo àti oúnjẹ ọ̀sán lọ, ẹlòmíràn ló ń san ìyókù, ẹni náà sì ni ṣọ́ọ̀bù tí wọn yóò tì yín wọ̀. Òfin ìrìn-àjò ìgbafẹ́ tí Ṣáínà mú jáde ní 2013 ka irú ètò bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, pé kí wọ́n má ṣe fi owó pọ́ọ́kú tan èèyàn kí wọ́n tó fi ipá mú un rajà. Òfin wà, bọ́ọ̀sì náà ṣì wà.

Èmi náà wọ irú rẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́. Owó tí wọ́n gbà kéré débi pé mo rò pé mo ti rí ọjà ọ̀fẹ́. Wọ́n mú wa gba abẹ́ géètì onígi kan tí wọ́n kan orí màlúù mọ́, àwọn ọmọge pariwo "bolong" pé wọ́n ń kí wa, àwọn ọ̀dọ́ fò láàárín ọ̀pá ọparun fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó parí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó wa sínú yàrá kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní ọwọ́ láti inú. Obìnrin kan tó ní ọmọ abúlé náà ni òun bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ìyá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó wá gbé ife fàdákà àti ìyarun fàdákà jáde. Wákàtí kan àti ààbọ̀ la lò níbẹ̀. Mo bi í bí wọ́n ṣe ń pe òwú ní èdè abúlé rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kékeré lòun ti kúrò nílé. Mo ṣì ra ìyarun kan, kí n má purọ́ fún yín. Kò pẹ́ tí fàdákà rẹ̀ fi bó létí, tí bàbà yọjú.

Nítorí náà ẹ bi ilé-iṣẹ́ yín ní orúkọ ibi tí wọ́n ń mú yín lọ, orúkọ rẹ̀ gan-an, kì í ṣe "abúlé ìbílẹ̀". Ẹ bi wọ́n iye wákàtí tí ẹ máa lò níbẹ̀, àti bóyá ibi ìrajà wà nínú ètò. Tí wọn ò bá lè dárúkọ, ọkọ yín ló jàre, ẹ jókòó sí etíkun.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí mi ò ní gbà kí ọ̀rẹ́ yín dà pọ̀ mọ́ wọn. Ọgbà àṣà Li àti Miao tí wọ́n ń pè ní Àfonífojì Binlang wà ní òkè Ganshiling nílẹ̀ Baoting, kò jìnnà sí Sanya, nǹkan bíi kìlómítà 28. (Binlang ni èso igi kan tó jọ ọ̀pẹ, tí wọ́n ń jẹ lẹ́nu bí a ṣe ń jẹ obì, tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí ilé ìyàwó bíi tiwa náà.) Ọdún 1998 ni wọ́n ṣí i, ní 2015 ìjọba sì fi í sí ipò A márùn-ún, ìyẹn ipò tó ga jù fún ibi ìgbafẹ́ ní Ṣáínà. Ọgbà ni, kì í ṣe abúlé. Ẹ máa rí géètì, tíkẹ́ẹ̀tì, ijó ńlá ní àkókò tó wà lára ògiri, ilé ìdáná tí kò ní èéfín, àti àgbàlá tí kò sẹ́ni tó ń jà níbẹ̀. Síbẹ̀ àwọn aṣọ àtijọ́ tí wọ́n kó jọ síbẹ̀ jẹ́ òótọ́. Aṣọ èèpo igi tí wọ́n fi lílù sọ di rírọ̀ jẹ́ òótọ́. Àwọn ìyá tó ń hun aṣọ nílẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Mo dúró ti ọ̀kan fún wákàtí kan, mi ò rí ibi tó ti fọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ jẹ́ ọmọ Li àti Miao láti àyíká, iṣẹ́ sì ni iṣẹ́. Fún ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dúró sójú kan, ibẹ̀ dáa ju ọ̀pọ̀ abúlé lọ, àbí ta ló fẹ́ kó ìbejì lọ sí oko rọ́bà kí wọ́n máa bèèrè pé "Mọ́mì, ìgbà wo la máa lọ?"

Abúlé gidi dà? Ìbéèrè yín yìí ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù, torí àṣìṣe kan wà nínú rẹ̀ tí èmi náà ṣe. Mo rò pé abúlé gidi ni èyí tó ní ilé koríko. Ilé Li àtijọ́ dà bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀: òrùlé rẹ̀ rọ̀gbà sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, igi àti ọparun ni egungun rẹ̀, ẹrẹ̀ ni wọ́n fi rẹ́ ògiri, kò ní fèrèsé. Wọ́n máa ń sọ pé nígbà tí àwọn baba ńlá gúnlẹ̀, ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ wá ni wọ́n dojú rẹ̀ dé tí wọ́n sùn sábẹ́ rẹ̀. Ìmọ̀ kíkọ́ ilé yìí wọ ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè Ṣáínà ní 2008. Abúlé Baicha ní ìlú Dongfang, lápá ìwọ̀ oòrùn, ló gbajúmọ̀ jù nínú ibi tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣẹ́ kù sí. Mo wakọ̀ lọ síbẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Ilé koríko pọ̀ lóòótọ́, wọ́n tò lọ lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó rẹwà. Èèyàn ni kò sí. Àwọn onílé ti kó lọ sí ilé bíríkì tuntun, wọ́n fi ti àtijọ́ sílẹ̀ fún ìran wíwò. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tó lọ kí àna tí kò bá ẹnikẹ́ni nílé.

Ìdí tí wọ́n fi kó kúrò kò fara sin. Òjò Hainan kì í ṣe òjò ṣeréṣeré, koríko ń jẹrà, wọ́n gbọ́dọ̀ máa tún un bò ní ọdún díẹ̀ síra. Ìjì ńlá inú òkun ń ṣí i. Iná kan ṣoṣo lè jó odidi agbolé. Inú rẹ̀ ṣókùnkùn, èéfín sì kún un. Ìjọba ran wọn lọ́wọ́ láti kọ́ òmíràn, wọ́n gbà. Ẹ má bá wọn dárò jù. Ẹ bi ìyá àgbà yín bóyá ó wù ú kó padà sábẹ́ òrùlé koríko. Abúlé Li tí èèyàn ń gbé lónìí jẹ́ ilé sìmẹ́ńtì alájà kan tàbí méjì, ọ̀kadà oníbátìrì níwájú ilé, èso binlang nínú àpò, oko rọ́bà lẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti ń kọ igi láàárọ̀ kùtùkùtù. Adìẹ ń jẹ̀ káàkiri. Ìyá kan jókòó sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó ń hun aṣọ, fóònù rẹ̀ ń ṣe fíìmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá dé ibi tí ẹnikẹ́ni ò pariwo "ẹ káàbọ̀", tí ajá ń gbó yín, ẹ ti dé abúlé.

Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá tó kọlà wá ńkọ́? Fínfín ni, kì í ṣe ilà tí a fi abẹ là. Ó sún mọ́ kóló ju àbàjà lọ. Ẹ̀gún ni wọ́n fi ń gún ara, wọ́n á fi dúdú pa á, láti ìgbà tí ọmọbìnrin bá ti ń bàlágà títí kó tó lọ sílé ọkọ. Ojú, ọrùn, apá, ẹsẹ̀. Ọnà ẹ̀ka kan yàtọ̀ sí ti ẹ̀ka kejì. Àlàyé tí wọ́n máa ń ṣe jù ni pé obìnrin tí kò bá fín ara, àwọn baba ńlá kò ní dá a mọ̀ tó bá dé ọ̀run. Lẹ́yìn 1949 ìjọba tuntun kò fẹ́ ẹ, àwọn ọmọbìnrin sì ń ṣíwọ́ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà àwọn tó kù ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, iye wọn sì ń dín kù lọ́dọọdún.

Ìyá tó bí bàbá mi kọ àbàjà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àlejò kan sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn, ó gbé kámẹ́rà sójú ìyá, ó yà á, ó wọ mọ́tò padà. Ìyá ò sọ nǹkan kan. A délé, ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó ní: "Kí ló fẹ́ fi ojú mi ṣe?" Mi ò rí ìdáhùn fún un. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè bá ọ̀rẹ́ yín jiyàn tán lórí èyí. Ó dùn mí nígbà tí mo rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n tò sẹ́yìn ìyá kan nínú ọgbà, tí wọ́n ń ṣe ìka méjì sí kámẹ́rà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò tún lè sọ pé kí ìyá náà má jókòó síbẹ̀. Ó ń gba owó, ó ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré, ilé lè dá ju ibẹ̀ lọ. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa kọ́kọ́ jókòó sílẹ̀, kí orí mi má ga ju tirẹ̀ lọ. Mo máa wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kí n tó wo ojú rẹ̀. Tó bá pẹ́ díẹ̀, mo lè béèrè fọ́tò, tó bá mi orí, ó parí síbẹ̀. Kí Táíwò àti Kẹ́hìndé kúnlẹ̀ kí i bí wọ́n ṣe ń kí ìyá àgbà nílé. Kò sí èdè tí ìyẹn kò yé.

Nípa owó, ẹ jẹ́ ká tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Ní abúlé bọ́ọ̀sì, ṣọ́ọ̀bù àti afinimọ̀nà ló ń pín in. Nínú ọgbà ńlá, ilé-iṣẹ́ ló gba tíkẹ́ẹ̀tì, owó oṣù ló dé ọwọ́ òṣìṣẹ́. Ní ilé àlejò kékeré lórí òkè, ẹni tó se oúnjẹ fún yín ló ń gbà á. Ọ̀nà mìíràn tún wà: ní Langde, abúlé Miao kan ní Guizhou, àwọn ará abúlé máa ń jó fún àlejò, wọ́n á fún ẹni tó bá jáde ní àmì, títí kan arúgbó àti ọmọdé, wọn á sì pín owó gẹ́gẹ́ bí àmì ti pọ̀ tó. Mo fẹ́ràn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjà kì í tán nínú owó àjọpín. Ní Hainan, aṣọ ni ọ̀nà tó yá jù tí owó yín fi lè dé ọwọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́.

Ẹ fún mi láyè lórí aṣọ. Òfì wọn kò ní férémù. Obìnrin á jókòó sílẹ̀, á fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì ti igi kan síwájú, á fi ọ̀já so igi kejì mọ́ ìdí, ara rẹ̀ ló ń fa òwú le. Tó bá dìde, òfì tú. Àwọn Meifu máa ń so òwú ní kókókókó kí wọ́n tó rẹ ẹ́, kí wọ́n tó wá hun ún, tó fi jẹ́ pé inú òwú ni ọnà ti ń jáde wá. Àwọn Run ti Baisha ń kóṣẹ́ sára aṣọ tí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ dọ́gba. Yẹ̀rì kan lè gba oṣù mélòó kan. Ní 2009, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ iṣẹ́ yìí sínú àwọn ohun àjogúnbá tó nílò ìdáàbòbò ní kánkán: iye àwọn obìnrin tó mọ̀ ọ́n tó 50,000 láàárín ọdún 1950 sí 1960, ó sì ti wálẹ̀ sí bí 1,000. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n gbé e wọ ilé ìwé, wọ́n ń sanwó fún àwọn ìyá tó ń kọ́ ọmọ, ní December 2024 UNESCO sì yọ ọ́ kúrò nínú ìwé ewu, ó fi í sí ìwé gbogbogbòò. Iṣẹ́ ọwọ́ tó ń padà bọ̀ láti ẹnu ibojì kò wọ́pọ̀. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ yí aṣọ sẹ́yìn. Ti ẹ̀rọ máa ń dọ́gba jù, etí rẹ̀ á tọ́ bí ìlà ìwé, bẹ́ẹ̀ ni mẹ́wàá míì tó jọ ọ́ á wà lórí pẹpẹ. Ti ọwọ́ máa ń ní ibi tí ọwọ́ ti rẹ̀ ẹ́. Àwọ̀ tó ń tàn yòò kì í ṣe ẹ̀rí pé ayédèrú ni. Àwọn ìyá náà ń ra òwú ọlọ́rá lọ́jà torí ó yá, ó sì dán. Ẹ má sì dúnàá-dúrà bí ẹni wà ní ọjà Guangzhou. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè iye ọjọ́ tó lò lórí rẹ̀, kí ẹ wá wò ó bóyá ẹnu yín á ṣì gbà á láti dá iye.

Èrò mi lórí ìrìn-àjò yín ni pé kí ẹ má wọ bọ́ọ̀sì náà. Ẹ háyà mọ́tò pẹ̀lú awakọ̀ láti Sanya. Ẹ ṣe Àfonífojì Binlang láàárọ̀ kí èrò tó dé, kí ẹ kọjá lọ sí ìlú Wuzhishan, níbi tí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ẹ̀yà Hainan wà, kí ẹ sùn ní Shuiman lẹ́sẹ̀ òkè Wuzhishan, tó ga ní mítà 1,867. Oko tíì ló yí ibẹ̀ ká, abúlé Li wà káàkiri, àwọn ilé àlejò sì wà. Ẹ fóònù wọn ṣáájú bóyá wọ́n lè gba páásípọ́ọ̀tù òkèèrè, torí wọ́n gbọ́dọ̀ fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá, àwọn kékeré míì kì í mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Níwọ̀n bí ẹ ti ní ìwé ìgbélùú Guangzhou, ẹ ò nílò físà mìíràn fún Hainan. Ẹ yẹra fún oṣù July sí October nítorí ìjì. Tí ọlidé yín bá bọ́ sí ọjọ́ kẹta oṣù kẹta nínú kàlẹ́ńdà òṣùpá wọn, bíi ìparí March sí April, ọdún Sanyuesan, ọdún ìbílẹ̀ àwọn Li àti Miao, nìyẹn. Èrò máa ń pọ̀ bí omi, òtẹ́ẹ̀lì á wọ́n, ṣùgbọ́n tara wọn làwọn onílé wá ṣe, àlejò kàn bá wọn níbẹ̀ ni.

Ní ti ẹnu, ìrẹsì tí wọ́n sè nínú ọparun á dùn mọ́ àwọn ọmọ, ìrẹsì aláwọ̀ mẹ́ta ti àwọn Miao náà. Ọtí ìrẹsì Shanlan dùn bí ẹmu òwúrọ̀, kí bàbá ìbejì má jẹ́ kó tàn án. Binlang, ẹ fi ẹ̀rín kọ̀ ọ́: ó ń pọ́n ẹnu, ó ń mú òòyì kọ ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí, àwọn onímọ̀ ìlera àgbáyé sì ti fi í sí ara ohun tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹnu. Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ohun kan tí ẹ ò béèrè: wọ́n máa wo ẹ̀yin náà. Ìdílé aláwọ̀ dúdú pẹ̀lú ìbejì lórí òkè Wuzhishan, ẹ ti di ìran nìyẹn. Fóònù á yọ láti ibi gbogbo, ẹlòmíràn á fọwọ́ kan irun wọn. Ọ̀pọ̀ kì í fi ṣe ìkà, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́jọ kò mọ ìyẹn. Ẹ kọ́ wọn ní gbólóhùn méjì kí ẹ tó lọ, "kěyǐ pāi ma", ìyẹn ni ṣé mo lè yà yín, àti "bú yào", mi ò fẹ́. Kí wọ́n mọ̀ pé àwọn lè sọ ìkejì nígbà tó bá wù wọ́n, àti pé ẹni tí wọ́n bá bi ní ìkíní lè sọ ọ́ fún àwọn náà.

Ẹ sì mú aṣọ òfì kan dání, kékeré ni o, ìborùn tó. Ní ìgbà ìkẹyìn tí mo lọ Baisha, ìyá kan tí mo ti ń wo iṣẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ nawọ́ sí ìborùn ọrùn mi. Mo tú u fún un. Ó yí i sẹ́yìn, ó fi èékánná wá etí rẹ̀, ó ka òwú díẹ̀, ó pe aládùúgbò rẹ̀ pé kó wá wò ó. Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló bi mí ní iye ọjọ́ tí mo fi hun ún.